Ọlọ́jà Ló Di Oníléeṣẹ́ Ọkọ̀: Kí Ni Tiwa Níbẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí kò ráàyè wá.)

  

Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀rọ̀ àìríṣẹ́ àwọn ọmọ wa wá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tó ti jáde ilé-ìwé tó sì jókòó sílé. Ẹnì kan wá ní kí ìjọba kọ́ fáktọ̀rì fún wa, iṣẹ́ á wà. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ ní kí a wádìí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: báwo ni fáktọ̀rì ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kí ló ń mú un gbòòrò, ta sì ni iṣẹ́ inú ẹ̀ máa ń bọ́ sí lọ́wọ́? Ohun tí a rí nìyí. Ẹ fi sùúrù gbọ́ wa.

A ò ní mú yín lọ sí Jàpáánù tàbí Ṣáínà. Nnewi ní ìpínlẹ̀ Anambra la ń lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná ọjà sípíà páàtì ní Ladipo ti gbọ́ orúkọ ìlú yẹn. Ọjà ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Nkwo Nnewi, sípíà páàtì ọkadà sì wọ́pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Inú ìlú yẹn ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ Innoson wà. Bọ́ọ̀sì, jíìpù, píkọ́ọ̀pù, ọkọ̀ kékeré, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ẹni tó dá a sílẹ̀, Innocent Chukwuma, ọdún 1961 ni wọ́n bí i. Lẹ́yìn ilé-ìwé girama, ó wù ú kó kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjíníà ní yunifásítì, àmọ́ kò rí àyè wọlé. Kò torí ìyẹn jókòó sílé. Ó lọ kọ́ òwò sípíà páàtì lọ́dọ̀ ọ̀gá, bí àwọn ọmọ Ìgbò ṣe máa ń ṣe: wàá sin ọ̀gá ẹ fún ọdún bíi mélòó kan, ọ̀gá náà á sì fi owó tàbí ọjà lé ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ fúrídọ̀mù kó o lè dá dúró. Ní 1981, òun náà dá òwò tiẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ọlọ́jà ni. Ìsọ̀ ló ní bíi tiwa. Oníbàárà ń bú u, ó ń bẹ oníbàárà, gbèsè ń wà níta, bí ó ṣe ń ṣe wá náà ló ṣe ń ṣe é.

Kí ló wá ṣe tó yàtọ̀? Ibí yìí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ gan-an.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkadà wọlé láti òkè òkun. Nígbà yẹn, tòkúnbọ̀ ló pọ̀ jù nígboro, torí tuntun ti wọ́n jù. Ó wá ṣàkíyèsí ohun kan, ó sì ti sọ ìtàn yìí fún àwọn oníròyìn láìmọye ìgbà. Kọ̀ńtéénà ńlá kan kì í gbà ju ogójì (40) ọkadà lọ tí wọ́n bá ti tò ó pé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tú u sí wẹ́wẹ́, táyà lọ́tọ̀, háńdù lọ́tọ̀, àga lọ́tọ̀, kọ̀ńtéénà kan náà á gba igba (200).

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é lójú ìsọ̀. Ká sọ pé owó ọkọ̀ ojú omi lórí kọ̀ńtéénà kan jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà. Tó bá jẹ́ ogójì ọkadà ló wà nínú ẹ̀, ₦25,000 ló bọ́ sórí ọkọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ igba, ₦5,000 péré ni. Ṣé ẹ rí i? Kọ̀ńtéénà kan náà ni, owó kan náà ni. Àwọn yòókù ń san owó lórí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ọkadà kan sí èkejì. Òun kọ̀, kò san owó afẹ́fẹ́ mọ́.

Àmọ́ tí ọjà bá dé ní wẹ́wẹ́, ẹnì kan ní láti tò ó pọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi kó àwọn ọ̀dọ́ jọ tí wọ́n ń de nọ́ọ̀tì, tí wọ́n ń so wáyà, tí wọ́n ń fi bíréèkì sí i, tí wọ́n ń dán an wò kó tó jáde. Ọkadà tuntun wá wálẹ̀ lówó, ọjà ń tà, àwọn ọ̀dọ́ ríṣẹ́. Ẹ̀yin èèyàn wa, ibẹ̀ ni fáktọ̀rì ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba kọ́ ló kọ́kọ́ wá kọ́ ọ. Inú ìsọ̀ ló ti jáde, látọ̀dọ̀ ọlọ́jà tó yẹ ọjà ara ẹ̀ wò yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́.

Kò sì dúró síbẹ̀. Nígbà tó ń tò ọkadà, ó rí i pé àwọn ohun oníke pọ̀ lára ẹ̀ tí òun ṣì ń rà lókè òkun. Ó bi ara ẹ̀ pé ṣé ike la ò lè ṣe ni? Ní ọdún 2002, ó ṣí ilé-iṣẹ́ ike sí Emene ní Enugu, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ló lọ ṣí i. Wọ́n ń ṣe ike ara ọkadà níbẹ̀, wọ́n tún ń ṣe àga oníke, tábìlì, abọ́ àti àwọn nǹkan ìlò ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ike nínú wa mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó tún dá ilé-iṣẹ́ táyà àti túùbù sílẹ̀.

Ní 2007, ó forúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan lọ sí Nnewi lọ ṣí i. Ẹ kà á: láti 1981 sí 2010, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Kì í ṣe òjijì. Ìgbésẹ̀ kan ló ń bí èkejì. Sípíà páàtì ló bí ọkadà, ọkadà ló bí ike, ike àti táyà ló la ọ̀nà fún ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa dé, ó ti ní ibi tí yóò ti rí ike tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú fáktọ̀rì ọkọ̀ díẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí iṣẹ́ wà. Ohun àkọ́kọ́ ni egungun ọkọ̀ àti ara ẹ̀. Àwọn wẹ́dà ló ń jo irin pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fọ ara ọkọ̀ kí òróró àti ìpẹtà kúrò, wọ́n á fín ọ̀dà sí i, wọ́n á tì í sínú yàrá gbígbóná kí ọ̀dà náà lè gan mọ́ irin. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ á bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tò ó. Àwọn kan ń gbé ẹ́ńjìnì sí i, àwọn kan ń so wáyà iná, àwọn kan ń fi gíláàsì, àwọn kan ń fi àga sí i. Níkẹyìn, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á wà á, wọ́n á dán bíréèkì wò, wọ́n á bu omi lé e lórí wò bóyá ó ń jò.

Ẹ wò ó: wẹ́dà, afínọ̀dà, rewáyà, aránga-ọkọ̀, mẹkáníìkì, awakọ̀, akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí, agbálẹ̀, ẹ̀ṣọ́. Ẹ wá fi àwọn tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì kún un, àwọn tó ní ilé tí òṣìṣẹ́ ń háyà, àwọn tó ń kó ẹrù, àwọn tó ń rán aṣọ iṣẹ́. Nígbà tí fáktọ̀rì bá fi ẹ̀ka kan kún un, àwọn tó wà níta géètì náà máa ń mọ̀ ọ́n lápò. Nígbà tí ìjọba sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ ń pa gbogbo wa, àwọn ará Nnewi yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ tó ń lo gáàsì tí wọ́n ń pè ní CNG. Ọlọ́jà tòótọ́ nìyẹn. Ohun tí oníbàárà ń wá ló ń gbé sórí àtẹ.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa o. Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló dùn. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ wọ̀nyẹn ṣì ń ti òkè òkun wá. Nítorí náà, tí dọ́là bá gbówó lórí, ọkọ̀ wọn náà á gbówó lórí. Kí ó tó di oṣù Kẹfà ọdún 2023, iye tí báńkì ń ṣẹ́ dọ́là kan kò tó ₦500. Nígbà tó fi di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti ju ₦1,500 lọ. Ẹni tó ń ra ẹ́ńjìnì ní dọ́là, kí ló fẹ́ ṣe? Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tòkúnbọ̀. Ní 2013, ìjọba ṣe òfin pé kí owó kọ́sítọ́ọ̀mù orí ọkọ̀ tó ń wọlé ga sókè gan-an, kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ nílé lè rí ọjà tà. Nígbà tó fi di 2021, wọ́n ti dín in kù. Ẹni tó ní tòkúnbọ̀ láti tà dúpẹ́, ẹni tó ní fáktọ̀rì káwọ́ lórí. A mọ̀ bí èyí ṣe máa ń rí. Tí èèyàn bá gba ìsọ̀, tó san owó ìsọ̀, tí ẹlòmíì wá tẹ́ ọjà sílẹ̀ níwájú ẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, ṣé kò ní dùn ún?

Àwọn fáktọ̀rì kan sì wà tí wọ́n kú. Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó níbí, ní ọdún 1975. Ọkọ̀ ìjàpá tí àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì ń gùn nígbà náà, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde. Nígbà tó di 1990, àwọn òyìnbó Jámánì náà fi í sílẹ̀. Títí dòní, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ṣì ń pe "Vólksì! Vólksì!" ní ojú ọ̀nà Badagry, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kò sì mọ ohun tí orúkọ náà jẹ́. Michelin ti ilé-iṣẹ́ táyà wọn ní Port Harcourt ní 2007. Dunlop ní Ikeja dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Owó iná àti dísù wà nínú ohun tó lé wọn, táyà òkèèrè tó pọ̀ lọ́jà tún wà ńbẹ̀. Lọ́jọ́ tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti ìlẹ̀kùn, ẹni tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì náà ti ìlẹ̀kùn nìyẹn. Torí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé kí ìjọba kọ́ fáktọ̀rì, ẹ jẹ́ ká máa sọ ọ́ kún un pé kí iná wà, kí òfin kọ́sítọ́ọ̀mù má máa yí padà lọ́dọọdún. Fáktọ̀rì tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, bíi wa tó ń fi àìsì dá ẹja sí ni. Èrè á máa yọ́ dà nù.

Ó wá kù sí ọ̀rọ̀ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: ta ni iṣẹ́ ń bọ́ sí lọ́wọ́?

Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ti mọ iṣẹ́ ni. Fáktọ̀rì tó fẹ́ gba wẹ́dà, wẹ́dà ló ń wá. Á fún un ní irin méjì, á ní kó jó o pọ̀ kí òun wò ó. Bí ọmọ náà bá ní sẹ́fíkéètì yunifásítì nínú àpò ṣùgbọ́n tí kò di wáyà mú rí, iṣẹ́ yẹn kò lè bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí ọmọ mìíràn bá sì mọ̀ ọ́n ṣe ní abẹ́ ìgi mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, wọ́n lè gbà á, àmọ́ owó kékeré ni wọ́n máa fi lọ̀ ọ́. Ọmọ tó ní méjèèjì, ọwọ́ àti ìwé, òun ló ń rí àyè. Ìwé tí a sì ń sọ yìí kò le. Ilé-ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba wà tí ọmọ lè lọ, kó sì jókòó ìdánwò NABTEB. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá náà lè ṣe Tíréèdì Tẹ́ẹ̀sì. Àwọn ọmọbìnrin wa ńkọ́? Rewáyà kò bèèrè agbára, ojú àti sùúrù ló ń fẹ́. Ọwọ́ tó ń ran bùbá kò lè ṣàìmọ àga ọkọ̀ rán.

Ohun mìíràn tún wà tí a gbọ́dọ̀ kìlọ̀. Nígbàkígbà tí ìròyìn bá jáde pé fáktọ̀rì kan fẹ́ gba èèyàn, àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ á dìde. Wọ́n dé ọjà wa lọ́dún tó kọjá. Wọ́n wọ kóòtù, wọ́n gbé fáìlì, wọ́n ń gba owó fọ́ọ̀mù, wọ́n ní àwọn ní ẹnì kan nínú. Àwọn kan nínú wa sanwó, wọn ò rí wọn mọ́ títí dòní. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ kì í gba owó lọ́wọ́ ẹ. Tí ẹnikẹ́ni bá tún dé, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kí a jọ bi í léèrè.

Ní báyìí, ohun tí ìgbìmọ̀ gbé wá síwájú yín jẹ́ mẹ́ta.

Èkíní: kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan máa dá ₦200 lọ́sẹ̀ sí àpò kan tí a ó pè ní Owó Ìkọ́ṣẹ́ Ọmọ. Ìsọ̀ ọ̀ọ́dúnrún (300) ló wà lórí ìwé wa. Ìyẹn jẹ́ ₦60,000 lọ́sẹ̀. Tó bá fi di ọdún kan, ₦3,120,000 ni. A ó fi san owó ẹ̀kọ́, owó irinṣẹ́ àti owó ìdánwò fún àwọn ọmọ wa tó bá fẹ́ kọ́ wẹ́dà, rewáyà, iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ara ọkọ̀. Ọkùnrin àti obìnrin ni o. Ìbò ni a ó fi mú àwọn ọmọ tó máa kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ojúsàájú. Ọmọ Ìyálọ́jà àti ọmọ alátẹ máa mú bébà nínú igbá kan náà.

Èkejì: kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ jókòó yẹ ọjà tiwọn wò, bí ará Nnewi yẹn ṣe yẹ kọ̀ńtéénà wò. Níbo ni a ti ń san owó afẹ́fẹ́? Àwọn alátòmátò, ẹ wo apẹ̀rẹ̀ tí ẹ fi ń kó o wá láti òkè Ọya. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ti fọ́ kó tó dé, ẹ sì ti san owó ọkọ̀ lé e lórí. Tí ẹ bá jọ dáwó ra àpótí oníke tó ṣeé tò léra, mélòó ló máa bàjẹ́ mọ́? Àwọn aláṣọ, iye ọjọ́ wo ni ẹ fi ń wọkọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ ra ẹrù kan náà? Kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan mú èsì wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.

Ẹ̀kẹta: kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí iná ọjà. Èèyàn wa tó ń lọ ata, tó ń rán aṣọ, tó ń yìnyín omi, oníléeṣẹ́ kékeré ni gbogbo wọn. Ohun tó pa Dunlop lè pa wọ́n.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Akọ̀wé, owó oúnjẹ ni a ń wá, ẹ tún ń bèèrè ₦200." Òótọ́ ni, ₦200 kì í ṣe ewé. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la ń dá èsúsú, gbogbo wa la ń ra aṣọ ẹbí. Ẹni tó ra ankárá kan fún òkú ẹlòmíì ti ná owó tó lè fi ọmọ kan sẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. A ò ní kẹ́ ẹ má ṣe ẹ̀yẹ o, ohun tí a ń sọ ni pé kí àwọn ọmọ náà wà nínú ìṣirò wa.

Àwọn mìíràn á ní níbo ni fáktọ̀rì wà tí àwọn ọmọ náà máa lọ? Ìdáhùn wa nìyí: bí fáktọ̀rì kò bá tíì dé, wẹ́dà kì í wá iṣẹ́ tì, géètì ilé ń bàjẹ́, àga ilé-ìwé ń ya. Bí ó bá sì dé, àwọn ọmọ wa ti wà nílẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ló máa dá a sílẹ̀. Ta ló mọ̀ ní 1981 pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta sípíà páàtì ní Nnewi máa ṣe ọkọ̀ tí gómìnà máa gùn?

Ẹ lọ rò ó. Ní ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó nawọ́ sókè lórí ọ̀rọ̀ ₦200 yìí. Ẹni tó bá ní ìbéèrè lè wá sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìmọ́tótó ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀wé kà, ẹ jẹ́ kí ọmọ ka ìwé yìí fún yín, kí ọmọ náà gbọ́ tiẹ̀ ńbẹ̀.

Ọjà á tà o. A ò ní rí àdánù. Owó tí a bá ná lórí ọmọ, a ó jèrè ẹ̀ lójú ayé wa. Àṣẹ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, fún Ìgbìmọ̀